Ẹsẹ̀-Ìtẹ̀ Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Mi

Èmi kì í ṣe ẹni tó ń yára dárí ji èèyàn. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí pé ní ìparí ọ̀rọ̀ yìí màá sunkún, màá sì dì mọ́ ẹni tó ṣẹ̀ mí. Ìyá mi ni aláàánú ilé wa. Bàbá mi ni mo jọ. Igi àgbọn kan ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àti àbúrò wọn, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gbé bàbá mi sin.

Àdúgbò Akron ni ilé wa wà, ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé sọ ní Porto-Novo. Onídìrí ni ìyá mi. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde wa ni ibi iṣẹ́ wọn: ẹní kan, àpótí ìjókòó mẹ́ta, ìyarun, ike òróró. Àtàwọn obìnrin Nàgó, ìyẹn àwa Yorùbá ibẹ̀, àtàwọn Ègùn, gbogbo wọn ló ń wá. Tí ẹnìkan bá ti gbé orí lé ìyá mi nítan, wọ́n á ti mọ gbogbo ohun tó ń lọ nílé onítọ̀hún kí wọ́n tó di irun dé ìpàkọ́ rẹ̀.

Irun kò wù mí. Irin ló wù mí. Mo bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi jẹ́ kí n wọ ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ní kíláàsì àwọn ajórin. Ọkùnrin mẹ́rìnlá, obìnrin kan, ni wá. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa ni olórí atelíè, ìyẹn yàrá ńlá onípáànù tí àwọn ẹ̀rọ ìjórin wà. Mùsìé là ń pè é, bí a ṣe ń pe gbogbo olùkọ́ ọkùnrin. Ẹ ó rí i pé “ó” ni mò ń lò fún un, n kò lo “wọ́n”, bẹ́ẹ̀ ó tó bí mi lọ́mọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn ṣá. Ó mọ iṣẹ́. Tó bá jó irin méjì pọ̀, ojú ibi tó jó á tò lẹ́sẹẹsẹ bí ìpẹ́ ẹja. Àmọ́ lójú tirẹ̀, ohun tí obìnrin wà fún nínú atelíè ni kó gbá eruku irin. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀, ìgbálẹ̀ ni mo mú, n kò mú ọ̀pá ìjórin. Nígbà tó wá fún mi láyè níkẹyìn, ó ní, “Má jó ara ẹ o. Mi ò fẹ́ kí ìyá ẹnikẹ́ni wá sunkún níbí.” Àwọn ọmọkùnrin rẹ́rìn-ín. Mo jó irin náà, kò sì já.

Ọdún kejì mi ni kòrónà dé. Wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ká máa kọ́ ẹ̀kọ́ lórí fóònù. Mùsìé á ya àwòrán sí pátákó, á ya fọ́tò rẹ̀, á fi ránṣẹ́ sí ọ̀kan nínú wa, onítọ̀hún á sì pín in fún àwọn yòókù. Ṣùgbọ́n ta ló ń kọ́ bí a ṣe ń jó irin lórí fóònù? Ọwọ́ ló ń kọ́ ọ. Tí ọwọ́ bá pẹ́ láìṣe é, yóò gbàgbé. Mo mú èédú, mo dì í mọ́ ẹnu igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gùn tó ọ̀pá ìjórin, mo sì ń fà á lára ògiri ẹ̀yìnkùlé wa láràárọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ọwọ́ mi má gbọ̀n, kí ìlà náà má nípọn níhìn-ín kó sì tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Ògiri dúdú láti ìsàlẹ̀ dé èjìká mi. Ìyá mi wò ó, wọn kò bínú. Wọ́n kàn ní kí n má jẹ́ kó dé ibi tí àwọn ń sá aṣọ sí.

Nígbà tí ìjọba pe àwọn kíláàsì ìdánwò padà, a padà tàwa ti ìbòmú. Ẹnìkan lórí bẹ́ǹṣì kan. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbé garawa omi ẹlẹ́rọ kan kalẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Mo dúró wo àwọn èèyàn níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan. Olúkúlùkù á fi ọwọ́ ìdọ̀tí ṣí ẹnu ẹ̀rọ, á fọwọ́, á wá fi ọwọ́ tó ti mọ́ tì í padà. Ìdọ̀tí tó fi síbẹ̀ náà ló tún ń kó lọ.

Mo rántí ìyá mi. Nígbà tí ọwọ́ wọn méjèèjì bá wà nínú irun oníbàárà, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìyókù. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń fa ike òróró mọ́ra, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lé adìẹ. Mo bi ara mi pé kí ló dé tí a ò fi ẹsẹ̀ ṣí omi?

Mùsìé ti sọ pé kí oníkálukú wa ṣe ohun kan fún máàkì iṣẹ́ ọwọ́. Mo ṣa àfọ́kù irin jọ. Mo jó àga gíga kan tí yóò gbé garawa, mo ṣe ẹsẹ̀-ìtẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo fi okùn irin ìjánu kẹ̀kẹ́ so ó mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi. Tí o bá tẹ̀ ẹ́, omi á dà. Tó o bá gbẹ́sẹ̀, ó yẹ kí omi dá. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Mo kọ́kọ́ fi irin lílọ́ sí i, irú èyí tó ń wà lábẹ́ ìjókòó alùpùpù, kí ó máa fà á padà. Omi ọṣẹ kán sí i, ó dípẹtà láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó há. Mo yọ ọ́ sọnù. Mo gé rọ́bà inú ẹsẹ̀ alùpùpù ní ìbú ìka méjì, mo fi dípò rẹ̀. Rọ́bà kì í dípẹtà. Ó ń fà á padà, ó sì ń dákẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí nìdí, èmi náà ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mùsìé wá dúró tì í. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní, “Ó dáa.” Ọ̀rọ̀ ìyìn kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́dún méjì nìyẹn. Mo fò padà délé lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi jọba. Mo sọ fún ìyá mi pé ọkùnrin náà kò burú tó bí mo ṣe rò.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn aláṣẹ ìlú wá wo ilé-ẹ̀kọ́ wa, oníròyìn rádíò kan tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti gbé ohun tí mo ṣe síwájú ọ́fíìsì dirẹ́tọ̀, olórí ilé-ẹ̀kọ́ wa, wọ́n ti kùn ún ní àwọ̀ ewé, yẹ́lò àti pupa, bí àsíá orílẹ̀-èdè wa. Wọ́n ní kí n dúró sẹ́yìn, kí n di ọṣẹ mú. Oníròyìn náà gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu Mùsìé.

Mùsìé ní, “Èmi ni mo ronú kàn án. Nígbà tí àrùn yìí dé, mo bi ara mi pé kí ni atelíè mi lè ṣe fún orílẹ̀-èdè.”

Ọṣẹ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò mọ ẹni tó la ẹnu mi. Mo ní ní èdè Faransé, tó dún ketekete, “Mùsìé, èmi ni mo ṣe é.”

Mùsìé yíjú sí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí àwọn àlejò. “Ọmọ yìí ló bá mi di irin mú,” ló wí. “Àwọn ọmọbìnrin ń gbìyànjú.” Dirẹ́tọ̀ rẹ́rìn-ín, àwọn àlejò rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi nítorí pé mo di irin mú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a ń jó irin lọ́wọ́, mo wúkọ́. Ta ni kì í wúkọ́ nínú èéfín ìjórin? Àwọn ọmọkùnrin méjì ti wúkọ́ ṣáájú mi. Mùsìé jáde lọ. Nígbà tó padà, dirẹ́tọ̀ tẹ̀ lé e, ó sì dúró lókèèrè lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Dirẹ́tọ̀ ní, “Ìwọ, bọ́ síta. Mùsìé ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tó o ti ń wúkọ́, pé ara rẹ tún gbóná.”

Mo ní, “Ẹ fọwọ́ kan iwájú orí mi, ẹ wò ó bóyá ó gbóná.”

Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Mo wo Mùsìé. Ojú rẹ̀ tutù nini. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọkọ̀ àwọn onímọ̀ ìlera dé Akron. Àwọn mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀, aṣọ funfun bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì bèèrè orúkọ mi lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò láti ilé dé ilé. Ìyá mi ń di irun obìnrin Ègùn kan tó ń gbé ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Bí obìnrin náà ṣe rí àwọn aláṣọ funfun, ó fò dìde lórí àpótí. Apá òsì orí rẹ̀ ti di dídì, apá ọ̀tún ṣì dúró gàgà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbé e sáré lọ. Mi ò lè gbàgbé orí yẹn láéláé.

Wọ́n ti igi olówùú bọ̀ mí nímú láti ṣàyẹ̀wò. Wọ́n ní kí èmi àti ìyá mi má jáde nínú ilé títí èsì yóò fi dé. Àwọn ọmọ àdúgbò ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá. Omi tí a fẹ́ mu, ẹnu ọ̀nà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ń gbé e kalẹ̀ sí, wọ́n á ti sá lọ kí a tó ṣílẹ̀kùn. Ìdánwò kọjá nígbà tí mo wà nínú yàrá. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni èsì dé: kò sí àrùn kankan lára mi.

Mo gbé ìwé náà lọ bá dirẹ́tọ̀. Ó ní ìdánwò ti kọjá, kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mùsìé dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ ẹ̀wù nu awò ojú rẹ̀. Ó ní, “Ìlera ló ṣe pàtàkì jù, ọmọ mi.”

Ọmọ mi!

Tó bá jẹ́ èmi nìkan ló ṣe é sí ni, bóyá ìbínú mi ì bá ti rọ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n oníbàárà kankan kò wá sọ́dọ̀ ìyá mi mọ́. Bí mo ti fi ìwé èsì han àwọn èèyàn tó, wọ́n ń sọ pé ìwé ò ní ojú tó fi ń rí àrùn. Oṣù mélòó kan ni ìyá mi fi jókòó lábẹ́ igi máńgòrò láìrí orí kan dì. Kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀, wọ́n ń di irun ara wọn. Wọ́n á dì í láàárọ̀, wọ́n á tú u nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún dì í lọ́jọ́ kejì. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ibẹ̀ ni mo ti búra pé màá gbẹ̀san.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá bá mi sọ̀rọ̀. “Fi ìjà f'Ọ́lọ́run jà, kí o fọwọ́ lẹ́rán.”

Mo ní, “Ẹ̀yin Bàbá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí n ràn án lọ́wọ́.”

Mo ro oríṣiríṣi. Mo rò ó pé kí n lọ gé okùn ìjánu alùpùpù rẹ̀. Mo rò ó pé kí n fi èédú kọ ohun tó ṣe sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Gbogbo rẹ̀ kéré lójú mi. Ohun tó gbà lọ́wọ́ mi kì í ṣe irin. Ó gba ojú rere àwọn èèyàn lọ́wọ́ ìyá mi. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì fẹ́ kó máa fi ojú ara rẹ̀ rí i nígbà tí mo bá ń gbà á.

Mo lọ sí àdúgbò Houinmè, sọ́dọ̀ àgbàlagbà kan tó ń ṣe géètì àti irin ojú fèrèsé. Alájì là ń pè wọ́n. Iná ìjórin ti ba ojú wọn kan jẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì pọ̀. Wọ́n ní kí n jó irin kan kí àwọn wò ó. Wọ́n fi èékánná họ ibi tí mo jó, wọ́n ní, “Ta ló kọ́ ọ?”

Mo ní, “Ọ̀tá mi ni.”

Wọ́n wò mí. “Ìbínú kò burú,” ni wọ́n wí. “Ṣùgbọ́n má bínú nígbà tí iná bá wà lọ́wọ́ rẹ.” Wọ́n gbà mí síṣẹ́.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹ̀kọ́ ṣí dáadáa, gbogbo ìlú sì gbọ́ pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún atelíè Mùsìé: kí ó ṣe irú àga omi ẹlẹ́sẹ̀-ìtẹ̀ yẹn fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń jó wọn ní wákàtí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ohùn rẹ̀ tún wà lórí rádíò. Mo gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń fi fáìlì, irin tí a fi ń mú irin dán, nu irin géètì. Mo ń nu irin mi lọ.

Kò ju oṣù kan àbọ̀ lọ tí olórí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Tokpota, obìnrin, fi ọmọlanke gbé àga omi kan wá bá Alájì. Ó ní nǹkan náà ti ya wèrè. Àwọn ọmọ á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbẹ́sẹ̀, omi ò ní dá. Gbogbo garawa á dà sílẹ̀, iwájú kíláàsì á di ẹrẹ̀. Ó ti gbé e padà lọ bá Mùsìé lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún bà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Alájì ní kí n wò ó. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ẹ ò ní mọ bí inú mi ṣe dùn tó. Irin lílọ́ ló fi sí i! Rọ́bà tí mo fi sí tèmi, ó rò pé àìní ló mú mi fi í síbẹ̀, pé ọmọ tálákà kò rí irin gidi rà. Ó yọ rọ́bà, ó fi irin lílọ́ tó dán gbinrin dípò rẹ̀, omi ọṣẹ sì ti jẹ ẹ́ di pupa. Gbogbo èyí tó ṣe ló ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ló máa há, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, ní gbogbo ìlú.

Mo tún ti Tokpota ṣe. Mo jókòó, mo ń dúró.

Mi ò dúró pẹ́. Àwọn aláṣẹ ti sọ pé àwọn ń bọ̀ wá wo bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Jìnnìjìnnì mú dirẹ́tọ̀. Ó gbọ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìlú, ìyẹn ti Tokpota, ó sì tọpa rẹ̀ dé Houinmè. Ó wọlé, ó kí Alájì, ó bèèrè pé ta ló tún un ṣe. Alájì fi àgbọ̀n tọ́ka sí mi. Mo ṣí ìbojú ìjórin mi sókè. Ó dá mi mọ̀.

“Àá!” ló wí. “Ọmọ wa.”

Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, dirẹ́tọ̀. Mo lè tún gbogbo wọn ṣe. Mi ò ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Ohun méjì ni mo fẹ́. Kí Mùsìé wá sí ojúde wa ní Akron ní àárọ̀ Sátidé, fúnra rẹ̀, kó sọ fún àwọn èèyàn pé irọ́ ni òun pa, pé mi ò ṣàìsàn, pé èmi ni mo ṣe ẹsẹ̀-ìtẹ̀. Kó sọ ọ́ ní Nàgó, kó sọ ọ́ ní Ègùn. Mi ò fẹ́ Faransé. Ìkejì, nígbà tí mo bá ń jó irin náà ní atelíè yín, òun ni yóò máa bá mi di irin mú.”

Dirẹ́tọ̀ ní, “Ìkíní yìí le.”

Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí omi máa dà nígbà náà.”

Nígbà tó lọ tán, Alájì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Ọmọ mi, ẹni tó ti ṣubú, a kì í tún tì í.”

Mo ní, “Alájì, kò tíì ṣubú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n ni.”

Mùsìé kọ́kọ́ rán ìyàwó rẹ̀ wá. Obìnrin náà kúnlẹ̀ fún mi láàárín eruku irin. Mo gbé e dìde, mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá, ẹ̀yin kọ́ lẹ fi ikọ́ purọ́ mọ́ mi.” Mùsìé tún rán olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan wá pẹ̀lú lẹ́tà tó fi ọwọ́ kọ ní Faransé dídán. Mo dá lẹ́tà náà padà láìtú u. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò lè gbàgbé. Mo fẹ́ kó wá wo ibi tí mo ti ń kó o.

Ó wá ní Sátidé. Ó fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkóríta, ó fẹsẹ̀ rìn wọlé. Nígbà náà, àwọn oníbàárà ìyá mi ti ń padà wá díẹ̀díẹ̀. Obìnrin mẹ́rin ló wà lábẹ́ igi, obìnrin Ègùn tó gbé àbọ̀ orí sá lọ sì wà lára wọn. Mo ti sọ fún àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n jáde síta. Àwọn kan gbé àga wá.

Ó fẹ́ súnmọ́ wa. Mo na ọwọ́.

“Ẹ dúró síbẹ̀, Mùsìé. Ẹ̀yin lẹ sọ pé àrùn wà nínú ilé yìí.”

Ó dúró sínú oòrùn. Ó sọ nǹkan kan sínú ìbòmú rẹ̀.

Obìnrin Ègùn náà ní, “A ò gbọ́.”

Ó fa ìbòmú sísàlẹ̀. Òógùn ti bo ètè rẹ̀. Ó sọ ọ́: pé ara mi dá ṣáṣá nígbà yẹn, pé èéfín irin ló mú mi wúkọ́, pé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun lọ bá dirẹ́tọ̀, pé èmi ni mo ṣe ẹsẹ̀-ìtẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó sọ ọ́ ní Ègùn pẹ̀lú. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ nígbà tó dé ibi “mo mọ̀ bẹ́ẹ̀”.

Mo ní, “Ẹ tún ìyẹn sọ.”

Ó tún un sọ.

Obìnrin Ègùn náà dìde, ó wò ó láti òkè délẹ̀. “Nítorí ìwọ ni mo ṣe gbé orí tí wọn ò dì tán rìn kọjá lọ́jà,” ló wí. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Mùsìé wo ilẹ̀. Ẹ̀rín tí wọ́n fi mí rín níwájú ọ́fíìsì dirẹ́tọ̀, mo gbà á padà lọ́jọ́ náà, ó sì lé.

Ibẹ̀ ni ìyá mi ti bà á jẹ́. Wọ́n fi ìyarun sílẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbé àpótí kan sábẹ́ ibòòji, wọ́n bu omi tútù sínú ife. “Ẹ wá jókòó,” ni wọ́n wí fún un. “Oòrùn ti ń mú.”

Mo ní, “Ìyá mi! Ẹ jẹ́ kó dúró.”

Wọn kò tilẹ̀ wò mí. “Ìwọ lo ni ìjà,” ni wọ́n wí. “Èmi ni mo ni ojúde.”

Ó jókòó, ó mu omi. Ìyá mi bèèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀. Mo wọlé, mo sì gbá ilẹ̀kùn pa. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mi ò fi bá ìyá mi sọ ju “Ẹ káàárọ̀” lọ. Wọ́n mú ohun tó jẹ́ tèmi, wọ́n fi ṣe àlejò.

Ṣùgbọ́n ìkejì ṣì wà níwájú, ìyá mi kò sì sí ní atelíè. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jó àwọn irin náà. Wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Àwọn ọmọ kíláàsì tuntun dúró yí wa ká, àwọn ọmọbìnrin méjì sì wà láàárín wọn. Mùsìé kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, ó di irin mú fún mi. Mi ò pariwo mọ́ ọn. Mi ò bú u. Mo kàn ń sọ pé, “Ẹ gbé e sókè díẹ̀, Mùsìé. Ọwọ́ yín ń gbọ̀n. Rárá, ó ti wọ́. Ẹ jẹ́ ká tún un mú.” Bí òun náà ṣe máa ń sọ fún wa gẹ́lẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí lójoojúmọ́, mo ń mú ìgbálẹ̀, mo ń na án sí i, láìsọ̀rọ̀. Ó ń gbà á. Ó ń gbálẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó mú rọ́bà kan sọ́wọ́, ó fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ń gbọ́. Ó bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ̀ lóòótọ́, “Kí ló dé tó o fi lo rọ́bà?”

Mo gbé ìbojú mi sókè.

“Ẹ ti sọ fún rádíò pé ẹ̀yin lẹ ronú kàn án, Mùsìé,” ni mo wí. “Ẹ ronú.”

Ó ti lóye rẹ̀ kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, mo mọ̀, nítorí ajórin gidi ni. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló sọ fún un. Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì yẹn ni mo pè sẹ́yìn atelíè, mo sì ṣàlàyé ìpẹtà àti ọṣẹ fún wọn dé gbòǹgbò.

Mo ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ́dún yẹn níwájú olùdánwò tó wá láti ìta, mo sì yege. Wọ́n gba atelíè lọ́wọ́ Mùsìé, wọ́n ní kó máa kọ́ni ní yíya àwòrán lórí pátákó. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ mi ló fà á. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo gbà.

Mo ti ní ibi iṣẹ́ tèmi báyìí ní Tokpota, ọmọbìnrin mẹ́ta ló ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, kò sì sí èyí tó fi ìgbálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú wọn. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé ṣé ọkàn mi wá balẹ̀, bóyá ẹ̀san tí mo gbà korò lẹ́nu mi nígbà tó yá. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́. Kò korò. Nígbà mìíràn tí iṣẹ́ bá le, tí irin kò gbọ́ràn, mo máa ń rántí rẹ̀ lórí orúnkún kan níbẹ̀, ara mi á sì tún yá.

Ọdún tó kọjá ni Mùsìé fẹ̀yìn tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣe àpèjẹ fún un, wọ́n sì rán èèyàn sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nítorí pé èmi ni orúkọ mi tàn jù nínú gbogbo àwọn tó kọ́. Mo dá wọn lóhùn pé mo ní géètì kan tí mo fẹ́ gbé dúró ní Houinmè lọ́jọ́ náà. Òótọ́ ni, géètì náà wà. Ká ní kò sí, ǹ bá wá òmíràn.